Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Jáde Kúrò Nínú Ògiri Àgbàlá

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìloro, ẹ wọlé, àyè pọ̀. Ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri tó wà lápá ọ̀tún yẹn o. Òpó ni kí ẹ fẹ̀yìn tì. Mo ti sọ̀rọ̀ ògiri yẹn títí, ó ti sú mi.

Mo gbọ́ pé Bándélé onígbàjámọ̀ ti ń ròyìn ìrìn-àjò mi fún gbogbo ẹni tó bá gbé orí kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kìnnìún ni mo bá jà. Kìnnìún wo? Ó ní mo fò lókè bí àṣá. Èmi Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́níran, tí mo ti fẹsẹ̀ la igbó tí àwọn mìíràn kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n má tọ̀ sára, kí ni mo ń fò fún? Ẹsẹ̀ ti tán lára mi ni? Bándélé, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn. Gbé ojú sókè. Lónìí, o ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rìn ín. Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo yín yéé dá mi dúró lójú ọ̀nà oko.

Gbogbo yín mọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìbíyẹmí. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Òun ló ṣáájú mi wáyé, kò sì sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó kó ẹrù rẹ̀ padà wá sí ilé wa yìí ní Ìdí-Ìyeyè, inú mi dùn. Mo ní àwa méjèèjì á jọ máa gbádùn ọjọ́ ogbó wa. Mi ò mọ̀ pé ayé àtijọ́ ló dì sínú ẹrù náà.

Bí a bá se iṣu, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Èyí lẹ̀ ń pè ní iṣu? Ẹ ò tíì jẹ iṣu rí." Bí òjò bá rọ̀, á ní òjò ìsinsìnyí kì í dún dáadáa. Àwọn ọmọ á wá kí i, wọ́n á kúnlẹ̀, á ní orúnkún wọn kò kanlẹ̀ bí orúnkún àwọn ọmọ ìgbà tiwa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún kan náà kọ́ ni?" Ó ní, "Àkànmú, ìwọ ò lè mọ̀. Ìgbà tí gbogbo nǹkan bàjẹ́ tán ni wọ́n bí ọ." Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mò ń bá jí láràárọ̀!

Ibi tó wá burú sí ni ọ̀rọ̀ àwòrán. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá tó bí bàbá wa, Ìyá Akunlé ni gbogbo ìlú ń pè é. Ògiri ló máa ń kùn fún àwọn èèyàn, ó ń fi ẹfun, osùn, aró àti èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná ya oríṣiríṣi nǹkan sí i. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ṣiṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n mi, ó ya àgbàlá ilé yìí sára ògiri àgbàlá ilé yìí, gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá wa wà níbẹ̀, géńdé, ó ń hun àwọ̀n. Ìkòkò iṣu wà lórí iná. Ìyá wa Àbẹ̀ní jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ìyeyè, oyún ẹ̀gbọ́n mi yọ gbọ̀ngbọ̀n níkùn rẹ̀. Ìyá Akunlé ya ara rẹ̀ náà sí igun kan, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń kun ògiri. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ya ọ̀nà tóóró kan tó wọ inú igbó lọ.

Iwájú àwòrán yìí ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọ̀ ògiri náà ti ń ṣá, ibòmíràn sì ti ń ré. Bó bá ti rí ibi tó ré, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Á máa bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lára ògiri, á ní, "Ẹ dúró. Ẹ má lọ. Ẹ dúró dè mí." Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Mo ń kọjá lọ.

Ní ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án gangan. Mo ń sáré bọ̀ láti oko kí òjò má bàa pa mí. Ṣọlápé, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bàbá, a ò rí Ìyá Àgbà."

"Ẹ ti wò ó nílé ìwẹ̀?"

"A ti wò ó."

"Ilé alágbàfọ̀ ńkọ́? Ṣebí ó máa ń lọ bá a jà?"

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

Ó fà mí lọ síwájú ògiri. Ẹní ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀, gèlè rẹ̀ wà lórí ẹní. Nínú àwòrán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, ìyá arúgbó kan ti jókòó tí a kò rí níbẹ̀ rí. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, funfun báláú. Ó di ọwọ́ ìyá wa mú. Ó sì wọ awò ojú.

Ẹ gbọ́ mi o. Ta ló ń wọ awò ojú láyé Ìyá Akunlé? Mo wo obìnrin náà lójú, mo mọ imú yẹn. Mo kígbe, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin náà nìyí!"

Ìgbà yẹn ni ààrá sán. Mo gbójú sókè, mo rí i pé atẹ́gùn ti ṣí páànù tó bo ògiri náà lórí, ọ̀run hàn gbangba. Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹfun àti osùn ni gbogbo àwọn tó wà lára ògiri náà. Bí òjò bá dà sí i, wọ́n á ṣàn lọ sínú gọ́tà, ẹ̀gbọ́n mi á sì bá wọn lọ.

Ṣọlápé àti àwọn ará ilé sáré gbé tapólì, wọ́n nà án sórí ògiri, wọ́n dì í mú. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ń wò mí?"

Ṣọlápé ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọdẹ."

Ẹ wo wàhálà! Torí pé èèyàn ń pa ìgalà, ó ti di ẹni tí ń wọ inú ògiri. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo mú ìbọn mi àti àdá mi. Mo kọ́kọ́ fi orí lu ògiri náà níbi tí ilẹ̀kùn wà nínú àwòrán. Ògiri ni. Ó dún gbì, kókó sọ níwájú orí mi. Mo gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ tapólì, mi ò sì tíì gbàgbé ẹni tó rín in. Lẹ́yìn náà ni mo ronú bí ọdẹ. Mo ní ọdẹ kì í gba ẹnu ọ̀nà ilé wọlé tọ ẹran, inú igbó ló ń gbà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ọ̀nà tóóró tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ náà rì wọlé bí ìgbà tí èèyàn ti ẹsẹ̀ bọ odò tútù. Mo gbé èkejì sí i. Ìgbà tí mo fi máa yíjú padà, àgbàlá wa ti lọ.

Inú Igbó Aláìlẹ́yìn ni mo bá ara mi. Mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí ohun tó ní ẹ̀yìn níbẹ̀. Mo rí igi ńlá kan, mo fẹ́ sinmi lẹ́yìn rẹ̀, mo yí lọ síbẹ̀, igi náà pòórá, mo ṣubú yakata. Mo padà síwájú, igi náà ló dúró ṣánṣán yẹn. Ìyá Akunlé kò ya ẹ̀yìn igi. Kí ló lè mú kí èèyàn ya igi láìya ẹ̀yìn rẹ̀? Gbogbo ìbínú mi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Bí mo ṣe ń gbọn eruku aró kúrò lára, ohùn kan dún bí ìgbà tí wọ́n ya aṣọ.

"Ta ló ń tẹ osùn mi mọ́lẹ̀?"

Iwin kan jáde. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́kan ni orúkọ rẹ̀. Ìdajì èèyàn ni: ojú kan, etí kan, apá kan, ẹsẹ̀ kan. Ó ga ju ilé alájà lọ, kùmọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́jìnmí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wá. Yà lọ́nà, òjò ń bọ̀."

Ó ní, "Ẹni tó bá wọ ibí yìí kì í jáde. N ó lù ọ́ mọ́ ilẹ̀ títí o ó fi di àwọ̀."

Mo yìnbọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìbọn mi. Ẹ̀tù náà jáde lẹ́nu ìbọn, ó di àmì èédú tótòtó lára afẹ́fẹ́, ó dúró síbẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́kan rẹ́rìn-ín, ó gbé kùmọ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé e, mo tún yẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Bándélé, o rí i pé mo sọ pé ẹsẹ̀ mi gbọ̀n? Èmi kì í parọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo yẹ̀, mo yẹ̀ lọ sí apá ibi tí kò ní ojú sí. Iwin náà dúró. Ó ń wá mi. Ó ń pariwo pé, "Ó dà? Ó dà?" Ìgbà náà ló yé mi pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà nínú rẹ̀, èkejì kò sí láyé. Mo wò ó láti ibi tí mo wà, ó tín-ín-rín bí ewé. Mo na ọwọ́, mo dì í mú létí aṣọ, mo ká a bí ẹní láti ẹsẹ̀ dé orí, mo fi okùn ìbọn mi dì í gbọin. Mo gbé e ti igi. Ó ń bú mi láti inú ibi tí mo ká a sí. Ó bú bàbá mi, ó bú ìyá mi. Mi ò dá a lóhùn. Mo ti ń gbọ́ èébú nílé tẹ́lẹ̀.

Mo rìn díẹ̀, mo dé ìlú kan. Ìlú Ìgbà-Yẹn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ará ìlú náà ló ń fi ẹ̀yìn rìn. Wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n ń kọ lu ògiri, wọn kò sì yíjú. Oníbodè wọn jẹ́ bàbá kan tí ọrùn rẹ̀ ti yí sẹ́yìn pátápátá, débi pé àyà rẹ̀ ló kọ sí mi, ìpàkọ́ rẹ̀ ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Kí o tó kọjá, dáhùn àlọ́ mi. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ, tó ń dùn sí i bí o ti ń jìnnà sí i?"

Mo ní, "Ilé ẹni tí mo jẹ ní gbèsè."

Ó ní, "O kùnà. Ìgbà èwe rẹ ni. Wọlé, jókòó, sọ ohun kan fún wa nípa rẹ̀."

Wọ́n fipá mú mi jókòó láàárín ìlú. Gbogbo wọn yí mi ká, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ní, "Rántí àgbàdo sísun." Òmíràn ní, "Rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń rùn lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀." Mo fẹ́ bínú sí wọn, ṣùgbọ́n imú mi ti gbọ́ òórùn àgbàdo náà. Mo rí ara mi ní kékeré, tí mo ń fara pa mọ́ sábẹ́ aṣọ ìyá mi, aṣọ náà ń rùn fún aró. Mo gbọ́ bó ṣe máa ń pè mí wọlé. Ara mi rọ̀. Mo ní kí n jókòó díẹ̀ sí i. Ìgbà tí mo wolẹ̀, gbòǹgbò ti yọ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó ti wọ inú ilẹ̀. Mo wo àwọn tó yí mi ká, gbogbo wọn pátá ló ti ta gbòǹgbò títí dé orúnkún rí, àpá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ìbínú dé sí mi. Mo ní, "Ẹ dúró ná! Ṣé ìgbà yẹn náà lẹ ń sọ? Ìgbà tí sòbìà jáde lẹ́sẹ̀ mi, tí mi ò lè rìn títí wọ́n fi kórè iṣu tán? Ìgbà tí jìgá jẹ èékánná ẹsẹ̀ mi? Ìgbà tí ìgbóná pa àwọn ọmọ ilé kejì wa tán, tí ìyá wọn ń pe orúkọ wọn kiri àgbàlá? Ìgbà tí a máa ń lọ pọn omi ẹrẹ̀ ní Odò Àbàtà, tí a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ kí a tó mu? Ẹ dákẹ́! Ẹ má fi àgbàdo sísun tàn mí!"

Bí mo ti ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbòǹgbò kan ń já lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn ará ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí yún ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀kan ní, "Yéè, sòbìà! Mo ti gbàgbé sòbìà!" Òmíràn ń sunkún ọmọ rẹ̀ tí ìgbóná mú lọ. Bí wọ́n ti ń họ ara, tí wọ́n ń sunkún, mo dìde, mo já gbòǹgbò tó kù, mo la àárín wọn kọjá. Oníbodè ń pariwo lẹ́yìn mi pé mo ti ba ìlú jẹ́. Mo ní kó lọ tún ọrùn rẹ̀ ṣe ná.

Ẹ̀yìn ìlú náà ni àgbàlá wa wà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Igi ìyeyè tí wọ́n ti gé kí n tó gbọ́njú ló so jìngbìnnì yẹn. Géńdé kan dìde nídìí àwọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ kú ìrìn." Bàbá mi ni. Bàbá mi tó nà mí ní pàṣán ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi! Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ó rí mi nílẹ̀, ojú tì í, ó tún dọ̀bálẹ̀. Àwa méjèèjì wà nínú eruku, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde.

Obìnrin tó wà nígun, tó ń kun ògiri, kò yíjú. Ó ní, "Ta lẹ̀yin, bàbá? Mi ò yà yín."

Mo ní, "Ọmọ ọmọ yín ni mí. Ọdẹ́níran yìí ló bí mi."

Ohùn rẹ̀ yí padà kíá. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá nínú iṣẹ́ mi? Ìyá arúgbó kan ti kó wọlé tẹ́lẹ̀, ìwọ náà tún kó ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Ṣé ọjà ni ibí ni?"

Mo rí i pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìbínú mi ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ igi. Ó di ọwọ́ ìyá wa mú, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọdé. Ṣùgbọ́n etí ìró rẹ̀ ti ń ṣàn. Osùn ń kán tó, tó, tó láti ibẹ̀ sílẹ̀. Òjò ti ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Òjò ń bọ̀."

Ó ní, "Àkànmú, ta ló ní kí o wá? Jókòó, iṣu máa tó jinná. Wàá jẹ iṣu gidi lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu yẹn ti wà lórí iná kí wọ́n tó bí yín! Ṣé ẹ ti jẹ nínú ẹ̀?"

Ó yíjú wo ìkòkò náà. Mo rí i pé ebi ti hàn lójú rẹ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún un? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Ó mi orí. Ó ní, "Mi ò lè sọ ọ́. Ojú ń tì mí, Àkànmú. Mo dàgbà jù ú lọ."

Mo ti mú èébú wá fún un láti ilé, gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìyá wa ló sọ̀rọ̀. Mo ti gbàgbé ohùn náà, mo wá ń gbọ́ ọ. Ó rọra sọ ọ́, bí ìyàwó ilé ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi jókòó. Ẹ má bínú. Ẹ bá mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló dé? Ṣé mo dì í mú jù ni?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Ìyá. Ọmọ inú mi ń ta, ó fẹ́ jáde, ọjọ́ kò sì yí. Bí ẹnì kan bá ti wò wá láti òdì kejì, á ní kí n dúró, n ó dúró. Ẹ̀yin wá wọlé, ẹ di ọwọ́ mi mú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bí i? Mo fẹ́ rí ojú ọmọ mi. Mo fẹ́ kó dàgbà, kó lọ́kọ, kó bímọ, kó hu ewú."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó ní, "Bó bá hu ewú tán, ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀ mọ́."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Òun sáà wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dúró níwájú ẹfọ̀n tó fara gbọta. Mi ò tíì rí ohun tó le tó bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ó tú àtàǹpàkò, ó dúró. Ó tún tú ìka kan, ó tún dì í padà. Mi ò kígbe mọ́ ọn. Osùn ń kán láti ìró rẹ̀, ó ti dé orúnkún, síbẹ̀ mi ò kígbe. Nígbà tó tú u tán, ó fi ọwọ́ náà kan ikùn ìyá wa lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Á yọ lára yín láyọ̀."

Ìyá wa ní, "Àṣẹ, Ìyá."

Òjìji igi sún lórí ilẹ̀. Ìkòkò iṣu bẹ̀rẹ̀ sí hó. Ìyá wa di ìbàdí mú, ó ké, bàbá mi ju àwọ̀n nù, ó sáré gbé e wọ yàrá. Ìyá Akunlé yíjú sí wa nígbà àkọ́kọ́. Ojú mi gan-an ló wà lójú rẹ̀, ìbínú náà sì wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ tí mi ò yà, mú un lọ. Ẹ tẹ̀ lé ohùn ẹni tó ń pè yín. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Mo tẹ́tí, mo gbọ́ ohùn Ṣọlápé lókèèrè, ó ń pè, "Ìyá Àgbà o! Bàbá o!" Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n sẹ́yìn, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di omi osùn. A tẹ̀ lé ohùn náà. Ó wúwo! Ó tún ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé mi ò mọ èèyàn pọ̀n.

A já bọ́ sórí ẹní rẹ̀. Òjò ń dà bí ẹni pé wọ́n fọ́ agbada omi, Ṣọlápé àti àwọn ará ilé dúró nínú rẹ̀, apá wọn ń gbọ̀n, wọn kò sì jẹ́ kí tapólì náà já. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi padà sípò, ṣùgbọ́n ó pọ́n fún osùn títí dòní. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́ kó lọ wò ó.

A wo ògiri. Àpótí ìyá wa ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó ní òun ló pa á. Ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ṣọlápé pè wá. Ìyá wa ti jáde sí àgbàlá nínú àwòrán, ó dúró lójú oòrùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé awò ojú rẹ̀ sójú, ó sún mọ́ ọn. Ó ní, "Orí mi mà tóbi o."

Láti ìgbà náà ni àwòrán yẹn ti ń rìn. Ọjọ́ wọn yára ju tiwa lọ. A rí i tí ọmọ náà rá kòrò. A rí i tí ikùn ìyá wa tún yọ, tí wọ́n bí èmi náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo dà bí ọmọ ológìnní tí òjò pa. Ní ọjọ́ kan, a jí, a kò rí Ìyá Akunlé nígun rẹ̀ mọ́, ìyẹ́ adìẹ nìkan ló wà nílẹ̀. A jókòó, a sunkún rẹ̀, àwa tí a kò mọ̀ ọ́n láyé.

Mo ti tún páànù náà ṣe. Mo sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò tún ní lọ ibì kankan mọ́. Ó ní ta ló rán mi níṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá wa ti ń hu ewú báyìí. Ó ti ń tẹ̀. Àwa méjèèjì mọ ibi tó ń lọ, torí a wà níbẹ̀ nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kíní. Láàárọ̀ òní, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá a sọ̀rọ̀ lára ògiri. Mo rò pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀, mo jáde kí n lọ bá a wí. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní, "Ẹ máa rọra lọ, Ìyá mi. Ẹ má yára jù."

Mo gbé àpótí mi, mo lọ jókòó tì í.